Ìsinmi Jẹ́ Ara Owó Iṣẹ́: Ìtàn Òṣìṣẹ́ ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀



Nínú ìwé ìtàn tí a ń kà, ọ̀rọ̀ àwọn ọba, àwọn gómìnà àti àwọn olóṣèlú ni ó pọ̀ jù. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ti ọba. Ìtàn wákàtí ni: wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, àti èyí tí ó kù fún un láti jẹun, láti sùn, àti láti bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Apápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mo yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ojú ti lè rí i kedere pé ìsinmi kì í bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bí ẹ̀bùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa kò ju ẹyọ kan lọ: ìsinmi jẹ́ ara owó iṣẹ́. Ẹni tí a bá gba ìsinmi rẹ̀, a ti jẹ nínú owó rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní, ṣé a kò kọ́ wa láti kékeré pé iṣẹ́ ni ó ń lé òṣì lọ ni? Òtítọ́ ni. Kò wọ́pọ̀ kí ọmọ ilé-ìwé Yorùbá má mọ ewì tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ fi yin iṣẹ́ nínú Aláwíyé. Èmi náà kọ́ ọ sórí, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó ní kí á ṣiṣẹ́ náà ni ó ní ìlera loògùn ọrọ̀. Àwọn tí ó ń gba ènìyàn síṣẹ́ fẹ́ràn láti máa rántí ọ̀rọ̀ ti ìṣáájú. Ti ìkẹyìn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Orúkọ ohun tí a ń sọ

Ní 1971, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà, Wayne Oates, kọ ìwé nípa ẹni tí iṣẹ́ ti di bárakú fún. Ó mú orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe ọ̀mùtí, ó sì fi ṣẹ̀dá orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ pè é ní èdè tiwa, ọ̀mùtí iṣẹ́ ni à bá wí: ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú, tí ara kì í rọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1974, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn kan ní New York, Herbert Freudenberger, kọ̀wé nípa àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́, tí agbára wọn jó tán bí epo inú fìtílà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí. Wọn kò pè é ní àrùn. Wọ́n ní ìnira ibi iṣẹ́ tí ó pẹ́ lára ènìyàn, tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí, ni ó ń fà á. Àmì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: agbára yóò tán nínú ènìyàn, ọkàn rẹ̀ yóò kúrò lára iṣẹ́ náà, yóò sì máa fi ojú burúkú wò ó, iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ kò sì ní yọrí mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n nàka sí. Wọn kò sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni náà, tàbí pé ọkàn rẹ̀ kò le tó. Ìyàtọ̀ sì wà láàrin ẹni tí ọkàn ara rẹ̀ ń lé kiri àti ẹni tí ebi ń lé kiri. Ẹni àkọ́kọ́ ni Oates kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹnì kejì ni ó kún Ajégúnlẹ̀, òun ni a sì sábà máa ń fi ìmọ̀ràn tí ó bá ẹni àkọ́kọ́ mu wò sàn.

Iṣẹ́ láyé àwọn baba wa

Kí owó oṣù tó dé, àwọn baba wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Àgbẹ̀ a máa jí ní kùtùkùtù, a sì ti kọ ebè púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, yóò bọ́ sí abẹ́ igi tàbí inú ahéré, yóò sun iṣu jẹ, yóò sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ wọn jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá, olùsìn kì í sì í fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀ lọ sí oko. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀. Ó sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àáró, kí wọ́n ṣe ti èyí lónìí, kí wọ́n ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la.

N kò sọ pé ayé ìgbà náà dùn bí oyin. Ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀fà pàápàá. Ọkùnrin tí ó fi ara rẹ̀ dúró fún owó tí ó yá a máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá fún un ní oko olówó. Àkókò tí ó bá kù jẹ́ tirẹ̀, kí ó lè ro oko ara rẹ̀, kí ó sì lè wá owó tí yóò fi bọ́ nínú gbèsè. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí a bá gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀fà, ìwọ̀fà náà ti di ẹrú nìyẹn. Èyí ni òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí a ti ń bá ìtàn yìí lọ: ǹjẹ́ àkókò tí ó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tiwa tó ti ìwọ̀fà?

Ọjọ́ mẹ́ta ní 1897

Nígbà tí ìjọba Òyìnbó dé Èkó, aago dé pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà Èkó ìgbà náà, Sir Henry McCallum, fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà tí ó wà lábẹ́ P.W.D. padà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò gbà. Wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ rántí pé kò tíì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ní 1912 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Kò sí akọ̀wé tí yóò bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kò sì sí àpò owó tí wọn yóò máa jẹ lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Gómìnà náà sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kò pọ̀ nílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ojú irin ń lọ lọ́wọ́, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 1901. Nígbẹ̀yìn, tọ̀tún tòsì fi díẹ̀díẹ̀ gbà fún ara wọn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ohun tí wọ́n jà fún. Nínú àwọn ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ àkókò ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Kí a tó máa jà fún iye owó ni a ti jà fún ẹni tí ó ni ọjọ́ òṣìṣẹ́.

Ilẹ̀ Apápá àti orúkọ Ajégúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ré ọ̀sà kọjá wàyí. Ilẹ̀ Àwórì ni Apápá kí ó tó di èbúté ńlá. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani Olúwa kò gbà pé kí wọ́n san owó kékeré lé e lórí bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní olúwa. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá olóyè náà lọ síbẹ̀ ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Òyìnbó ń ṣàkóso dá a láre: ilẹ̀ ní olúwa, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ohun onílẹ̀.

Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń jọ mí lójú pé a lè bá ilẹ̀ Apápá dé Lọ́ńdọ̀nù kí á lè mọ iye tí ó tó, kí ó sì jẹ́ pé a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ ara àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kankan.

Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Ní 1923 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ Lever sílẹ̀. Ní 1926 ni ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ parí ní wọ́ọ̀fù Apápá, ojú irin sì dé etí omi. Nígbà tí ó di 1955, Nigerian Ports Authority gba àkóso èbúté. Ní 1962, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà níbẹ̀. L.E.D.B., àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, ti fa ìlà Apápá: òpópónà gbọọrọ, ilé tí ó ní ọgbà, àyè ọ̀tọ̀ fún ilé gbígbé àti ọ̀tọ̀ fún ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn tí ó ń ru ẹrù yóò máa sùn? Kò sí àyè fún wọn nínú ìlà tí wọ́n fà. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì kọ́ Ajégúnlẹ̀. Orúkọ náà kò ṣòro láti túmọ̀: ajé ti dé, ó ti gúnlẹ̀ síbí. Ìjọ́, Ùròbò, Ìtsẹ́kírì, Ìlàjẹ, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá láti ìlú gbogbo péjọ síbẹ̀, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé kan a máa gbé inú yàrá kan. Ibi tí ìlú méjèèjì ti pàdé, Boundary ni wọ́n ń pè é títí di òní, ìyẹn ni pé ààlà. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá ní kùtùkùtù, mo máa ń rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Apápá, mo sì máa ń ronú pé èbúté ni ajé ti ń gúnlẹ̀ ní tirẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni àárẹ̀ ti ń gúnlẹ̀.

Bí iṣẹ́ wọ́ọ̀fù ti rí

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù. Agbaṣẹ́ṣe ni ó ń kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ bá dé, iṣẹ́ dé, wọn a sì lè ṣe é tọ̀sán tòru, nítorí pé owó ni olówó ọkọ̀ ń san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi dúró. Bí ọkọ̀ kò bá sí, owó kò sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ lónìí kò ní fẹ́ fi í sílẹ̀, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò tún rí òmíràn. Bí wọ́n bá ní ta ni yóò ṣe ófátáìmù, gbogbo ọwọ́ ni yóò na sókè.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò ní, “Àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn iṣẹ́ jù.” Rárá o. Wọ́n ń kó ọjọ́ ọ̀dá pa mọ́ sínú ọjọ́ òjò ni. Ètò tí a gbé kalẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ọ̀mùtí iṣẹ́, kì í ṣe ìwà wọn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ń gba ẹrù Apápá lọ sí òkè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n yí owó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ojúmọ́ padà sí owó wákàtí. Bí wákàtí bá dín, owó dín, ọjọ́ sì ti lọ. Èyí wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ wọn, Michael Imoudu sì di olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1941, ó kó wọn láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon ní ilé rẹ̀. Ní 1943, ìjọba mú un, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó. Ní 1945 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, Èkó sì jáde lọ pàdé rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ogun Hitler ti mú kí oúnjẹ wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Ó lé ní oṣù kan kí ó tó parí. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies ṣe olórí rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dábàá pé kí owó kún owó. Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Ní oṣù kẹfà 1964, àwọn òṣìṣẹ́ tún dáṣẹ́ sílẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì lórí àbájáde ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyínká Morgan, iṣẹ́ èbúté náà sì dúró. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí ẹni tí ó mọ òwe yìí ju alárù lọ.

Ọdún sìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé yóò ti gbọ́ nípa ọdún 1975. Owó epo ti wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Gowon sì ra sìmẹ́ńtì bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20, èyí tí ó ju ohun tí èbúté wa lè gbà lọ lọ́nà púpọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun dúró lójú omi Èkó fún ọ̀pọ̀ oṣù, a sì ń san owó ìdádúró fún wọn.

Ìwé sábà máa ń sọ iye owó tí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ènìyàn ni àpò náà ń gbà kọjá, eruku rẹ̀ sì ń gba inú imú ènìyàn. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ní ọ́fíìsì fi kálàmù ṣe é. Ẹni tí ó tún un ṣe, ọrùn rẹ̀ ni ó fi tún un ṣe. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn níbi gbogbo tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù: bí a bá tọpa rẹ̀ dé orísun, a óò bá ètò burúkú tí ẹnì kan ṣe níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń fi oorun rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 wà lára oògùn tí wọ́n wá sí wàhálà náà.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ńténà gbòde. Kíréènì ń gbé ohun tí ọ̀pọ̀ alárù ń fi ọjọ́ púpọ̀ gbé. Ní 2006, ìjọba fi iṣẹ́ àwọn èbúté lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹrù orí dínkù lóòótọ́, àárẹ̀ kò dínkù. Ó kúrò ní ọrùn alárù, ó bọ́ sí ojú awakọ̀. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 2021, tírélà a máa tò láti Apápá dé orí afárá àti títí dé Mile 2, awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ a sì sùn lábẹ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kejì 2021 ni wọ́n gbé ètò Ètò jáde, pé kí ọkọ̀ dúró síbi ìdúró títí wọn yóò fi pè é. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ń gba ọ̀nà kan náà kọjá sì ti fi ilé sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wákàtí tí ó lò nínú mọ́tò kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ nìkan ni ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ìjà àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí kò já sí asán. Ní 1974, ọdún tí Freudenberger kọ ìwé rẹ̀ ní New York, ìjọba wa ṣe òfin òṣìṣẹ́ tí a ṣì ń lò. Ó ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan tí kò dín ní wákàtí 24. Bí ó bá pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ìsinmi tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré. Bí àìsàn bá ṣe é, ó lè gba owó iṣẹ́ títí dé ọjọ́ 12 láàrin ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ihò méjì wà lára òfin náà tí ó yẹ kí á fi ọwọ́ sí. Èkíní, kò sọ iye wákàtí tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá lójúmọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ láti jọ fi àdéhùn sí i, tàbí kí ẹgbẹ́ bá wọn ṣe é. Bẹ́ẹ̀ láti 1919 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti fi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ilé iṣẹ́. Ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ó ni oúnjẹ kì í jọ ṣe àdéhùn lórí ìjókòó kan náà. Èkejì, òfin náà yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alákòóso tàbí ti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń kàwé kí á lè di ọ̀gá ní ọ́fíìsì, a ń kàwé jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ kéde ìṣirò wọn pé ní 2016, ènìyàn 745,000 ni iṣẹ́ wákàtí gígùn fi àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa ní àgbáyé. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí ó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Bí a bá pín 55 sí ọjọ́ mẹ́fà, kò ju wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́. Ó pọ̀ ní Apápá ẹni tí yóò ti lo iye yẹn kí ó tó di ọjọ́ Jimọ́.

Ọ̀rọ̀ wa, àwa akẹ́kọ̀ọ́

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rò pé ọ̀rọ̀ alárù nìkan ni. Ní 1960, oníṣègùn ọkàn kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, Raymond Prince, ará Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Orí wọn ń jó wọn, ojú ń dùn wọ́n, ohun tí wọ́n kà kò sì wọlé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n fún ìnira ara wọn ní orúkọ: wọ́n ní ọpọlọ àwọn ni ó rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dá owó jọ fún, tí kò sì gbọdọ̀ kùnà, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí alárù tí kò gbọdọ̀ kọ ófátáìmù.

Ní Aro kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ṣe ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Láti 1954, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tí ó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba oògùn, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ènìyàn gbé. Ohun tí ó yé Lambo ni pé ọkàn ènìyàn kì í sàn nígbà tí ó bá dá wà. Ìsinmi kì í ṣe oorun nìkan; àkókò láti wà láàrin àwọn ènìyàn ẹni ni. Ajégúnlẹ̀ mọ èyí. Orin Daddy Showkey àti bọ́ọ̀lù Odion Ighalo kò ti inú wákàtí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jáde. Inú ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti hù.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe máa mí, bí wọn yóò ṣe máa na ara, àti bí wọn yóò ṣe máa ronú sí rere. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ènìyàn láti mí tán, tí a sì dá a padà sí iṣẹ́ wákàtí 12, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni a ń pọn. Láti 1897 títí di òní, n kò rí ibi kan nínú ìtàn yìí tí ìmọ̀ràn ti fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Ohun tí ó fún un ni pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí í ṣe tiwọn, wọ́n sì fi ohùn kan bèèrè rẹ̀.

Mímọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Òfin 1974 tí mo sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ sì ni. Obìnrin tí ó ń lọ sí iṣẹ́ òru láti Boundary kò mọ̀ pé wákàtí ìsinmi rẹ̀ wà nínú ìwé. Ọmọ ọkọ̀ tí ó ń sùn lábẹ́ tírélà kò mọ̀ pé ọjọ́ kan nínú méje jẹ́ tirẹ̀. Àwa ní ẹgbẹ́ tí ó ń fi èdè Yorùbá yangàn, a ń túmọ̀ eré, a ń túmọ̀ ewì. Mo dábàá pé kí á túmọ̀ abala wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti àìsàn nínú òfin náà sí Yorùbá tí ó yé ará ọjà, kí á tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí á sì mú un lọ sí Ajégúnlẹ̀. Kí àwọn tí ó gbọ́ Ìjọ́, Ùròbò àti Ìgbò nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe bákan náà. Àwọn olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ òfin lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí á má baà ṣì í sọ.

Iṣẹ́ dára, ó ń sọni di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ara ni a fi ń ṣe é, ara kì í sì í ṣe irin. Irin pàápàá ń jẹ. Ìwọ̀fà láyé àwọn baba wa mọ ibi tí ọjọ́ olówó parí sí, tí tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí Apápá mọ̀ kéré sí i.